Apá Kóòtù Tí Mo Kọ Ẹ̀yìn Bò

Nígbà tí mo kọ "A ń wá télọ̀ tó lè rán kóòtù" sára pátákó, tí mo gbé e síwájú ṣọ́ọ̀bù mi lójú ọ̀nà Sẹ́kọ́nà ní Ẹdẹ, mo rò pé bóyá ènìyàn mẹ́ta ni yóò yà. Àlàájà kan tó ni ilé ìwé ní àdúgbò wa ló gbé iṣẹ́ ogójì kóòtù fún mi, fún àwọn ọmọ kíláàsì àgbà. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ló kù kí wọ́n wọlé. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ méjì tó wà lọ́dọ̀ mi kò lè dá a ṣe. Àlàájà sì ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé bí mo bá já òun kulẹ̀, Èkó ni òun yóò máa gbé gbogbo iṣẹ́ ilé ìwé náà lọ. Iṣẹ́ yẹn ló gbé ṣọ́ọ̀bù mi ró.

Ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, ẹ̀rù sì bà mí. Mo kọ́kọ́ rò pé jàǹbá ló ṣẹlẹ̀. Èrò kún iwájú ṣọ́ọ̀bù títí dé etí gọ́tà. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì: mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ẹnì kan gun ọ̀kadà wá láti ìlú Awo. Púpọ̀ nínú wọn di ìwé ẹ̀rí sínú ọ̀rá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Túndé sọ fún mi pé ó ti tó ọdún mẹ́ta tí òun ti jáde ní pólì, òun ò ríṣẹ́, òun wá lọ kọ́ télọ̀ fún oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ àwọn tó ń fún ènìyàn ní máṣíìnì lọ́fẹ̀ẹ́. Mo bi í pé máṣíìnì náà ńkọ́. Ó ní ó wà nílé, nínú páálí rẹ̀.

"Kí ló dé tí o ò tíì tú u?"

"Mọ́mì, kí n tú u kí n fi ṣe kí ni?"

Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Mo ti gé ègé aṣọ tó ṣẹ́kù sílẹ̀. Mo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní èjìká kóòtù kan àti apá kan, mo ní kí ó fi apá náà sí i. Fún ẹni tí kò mọ iṣẹ́ wa, apá kóòtù kì í ṣe ohun tí a kàn ń rán mọ́ ihò. Òkè apá máa ń gùn ju ihò tí yóò wọ̀ lọ ní nǹkan bí ìwọ̀n ìka méjì. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ la fi ń kó àlékún yẹn jọ díẹ̀díẹ̀, tí a ó pín in yí èjìká ká títí yóò fi wọlé láìhunjọ. Bí ó bá fi ìwọ̀n èékánná yẹ̀, ẹni tó wọ kóòtù náà kò ní lè na ọwọ́ sókè.

A wà lẹ́nu rẹ̀ títí di ìrun ọ̀sán. Àwọn kan fi sísọ́ọ̀sì gé àlékún náà dànù. Obìnrin kan ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹẹsẹ bíi búláòsì ìyàwó. Ẹnì kan fi apá òsì sí èjìká ọ̀tún, ó sì tún jà mí níyàn. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹyọ kan tó ṣe é. Mo jókòó sórí àpótí. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ létí mi pé kò síṣẹ́ ní Ẹdẹ. Iṣẹ́ rèé lọ́wọ́ mi, ènìyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ń wá a, kò sì sí ẹni tó lè ṣe é.

Nígbà tí èrò túká, obìnrin kan kù ní igun. Ó ti sanra, ìbòrí rẹ̀ sì gùn, ìdí nìyẹn tí mi ò fi dá a mọ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Ọ̀gá mi, ẹ má bínú. Mi ò fẹ́ kí ẹ rí mi láàárín wọn."

Ràṣídá ni, ọmọ iṣẹ́ mi àtijọ́. Ó fa férémù kan yọ lábẹ́ ìbòrí. Ìwé fíríídọ̀mù rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi, tí a kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti kọ́ṣẹ́ àkọ́yanjú. Ìfọwọ́sí mi wà nísàlẹ̀ rẹ̀, gàdàgbà. Mo wò ó bí ẹni pé ẹlòmíràn ló kọ ọ́. Apá tí òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rán wà lórí tábìlì mi, ó hunjọ bí ẹnu àpò.

Ọdún mẹ́ta la máa ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ní ọjọ́ fíríídọ̀mù, ọmọ iṣẹ́ á kúnlẹ̀, ọ̀gá á fi sísọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́, á sì ṣàdúà fún un. Ràṣídá lo ọdún méjì nígbà tí wọ́n dá ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Ìyá rẹ̀ àti àwọn àgbà agboolé wọn wá bẹ̀ mí pé kí n ṣe fíríídọ̀mù fún un kó tó pé, mo sì gbà fún wọn. Ìyẹn ni mo fẹ́ fi gba ara mi sílẹ̀.

"O ò pé ọdún mẹ́ta ni," mo wí.

Ó gbójú sókè. "Ọ̀gá mi, tí mo bá lo ọdún mẹ́wàá, ṣé ẹ máa jẹ́ kí n rí bí ẹ ṣe ń fi apá sí i?"

Nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ọmọ iṣẹ́ á rán àpò, á rán láínì, á gán etí aṣọ, á sì lẹ bọ́tìnnì. Tó bá kan apá, ó gbọ́dọ̀ gbé e wá sórí tábìlì ọ̀gá, ọ̀gá á sì kọ ẹ̀yìn sí ọmọ náà kó má baà rí bí òun ṣe ń ṣe é. Bí ọ̀gá tèmi ṣe ṣe nìyẹn. Wọ́n máa ń sọ pé ọmọ tó bá ti mọ gbogbo rẹ̀ tán kò ní kí ènìyàn mọ́. Ibi tí mo ti ń gbálẹ̀ lójú fèrèsé ni mo ti wò ó kọ́, kò sì sí ilẹ̀ tó mọ́ tó ilẹ̀ ibẹ̀ yẹn ní gbogbo Ẹdẹ. Nígbà tí mo di ọ̀gá, èmi náà kọ ẹ̀yìn sí àwọn tèmi. Mo kà á lórí ìka: ọmọ mọ́kàndínlógún ni mo ti ṣe fíríídọ̀mù fún, kò sì sí èyí tó rí ọwọ́ mi lórí apá rí. Púpọ̀ nínú wọn náà ti ní ọmọ iṣẹ́ báyìí. Ràṣídá ní ọdún mẹ́jọ ni òun ti fi ń pààrọ̀ sípù, torí kò sí ohun mìíràn tó dá òun lójú.

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ bá Àlàájà, mo sọ òtítọ́ fún wọn pé mi ò rí ẹni tó lè fi apá sí i, èmi ni mi ò sì kọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n wò mí láti òkè jígí ojú wọn. Wọ́n gbé ogún lọ sí Èkó, wọ́n fi ogún sílẹ̀ fún mi. Wọ́n ní bí èyí bá bàjẹ́, kí n má wulẹ̀ wá kí àwọn mọ́.

Mo mú ènìyàn mẹ́fà láti kọ́ nínú àwọn mọ́kànlélọ́gbọ̀n náà. Ràṣídá wà nínú wọn, Túndé náà wà níbẹ̀, ó sì ti tú páálí. Mo yí tábìlì mi padà kí n lè kọjú sí wọn. Ní ọjọ́ kìíní, ó rí lára mi bíi ti ẹni tó ń bọ́ṣọ lójú ọjà. Ràṣídá tú apá tirẹ̀ nígbà mọ́kànlá. Nígbà kejìlá, ó wọlé.

Nígbà tí a kó kóòtù náà dé ilé ìwé, Àlàájà ní kí ọmọ kan wọ ọ̀kan, kí ó na ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ dáhùn ìbéèrè. Èjìká kò fà rárá. Wọ́n fọwọ́ pa á.

"Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ rèé?"

"Rárá, mà. Tirẹ̀ ni," mo wí, mo sì tọ́ka sí Ràṣídá.

Bí a ṣe padà dé ṣọ́ọ̀bù, Ràṣídá tú ẹ̀yìn férémù rẹ̀, ó yọ ìwé náà, ó tẹ́ ẹ síwájú mi, ó sì fi bírò lé e.

"Ẹ tún un fọwọ́ sí, Ọ̀gá mi."

Mo fọwọ́ sí i lábẹ́ ti àkọ́kọ́, mo sì kọ déètì ọjọ́ náà sí i. Èyí kò tóbi tó ti tẹ́lẹ̀.