Bíréèkì Ọkọ̀ Bàbá Mi Ń Gbọ̀n Lábẹ́ Ẹsẹ̀ Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí lójú ọ̀nà Ìgbàrà-Odò, ọkàn mi ò tíì kúrò níbẹ̀.

Ọkọ̀ bàbá mi ni mò ń wà lọ́jọ́ náà. Òun ni wọ́n fi ń kó wa lọ sóko kòkó ní Sátidé nígbà tí a wà ní kékeré, orin ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, uṣu sísun lọ́wọ́! Látìgbà tí wọ́n ti kú ló ti dúró sábẹ́ igi máńgòrò nílé wa ní Ìkẹ́rẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ká tà á. Màmá mi ní láéláé. Ni mo bá ra bátìrì tuntun sí i, ó sì stáàtì! Mo gbé màmá mi síwájú, ó di oko.

A ń sọ̀ kalẹ̀ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan nígbà tí ọlọ́kadà kan já wọ títì látinú igbó. Mo tẹ bíréèkì. Háà! Bíréèkì ń ti ẹsẹ̀ mi padà, gbì-gbì-gbì, sitiárìn ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Díẹ̀ ló kù ká gbá a. Màmá mi pariwo Jésù!

Nígbà tí ọkọ̀ dúró, ṣé ẹ mọ ohun tó wá sí mi lọ́kàn? Ojú ọ̀nà yìí kan náà ni bàbá mi ti kọ́ mi ní mọ́tò. Wọ́n á ní kí n bọ́ bàtà, kí n lè fẹsẹ̀ gbọ́ ohun tí ọkọ̀ ń sọ. Omijé bọ́ lójú mi.

Màmá mi fọwọ́ kàn mí léjìká. “Jẹ́ á padà sí ulé, ọmọ mi. Rọra.”

Mo fọ́nù ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní ṣebí òun ti sọ, òun á wá oníbàárà.

Mo ní kó ṣì ní sùúrù, mo gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ Bọ̀dá Táíwò, mẹkáníìkì tó ń tún un ṣe láyé bàbá mi. Wọ́n tú taya iwájú, wọ́n fọwọ́ yí díísìkì bíréèkì, àwo irin tó máa ń bá taya yí. Ó ń yí geere, ó dé ibì kan, ó há. Wọ́n so wáyà kan mọ́ irin tí kì í yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹnu wáyà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan díísìkì. Bí díísìkì ṣe ń yí, wáyà a kàn án níbí, a jìnnà sí i lọ́hùn-ún. Ó ti wọ́! Ìpẹtà tún wà lójú rẹ̀, ó rí gẹ́lẹ́ bí ojú páàdì bíréèkì tó máa ń fún un mú, tó ti lẹ̀ mọ́ ọn nínú òjò.

Wọ́n ní ìdúró pípẹ́ ló bà á jẹ́, kì í ṣe ogbó. Wọ́n pààrọ̀ díísìkì iwájú méjèèjì, wọ́n ha ìpẹtà ojú ibi tí díísìkì ń jókòó sí kúrò kí tuntun lè jókòó dáadáa, wọ́n sì rọra de nọ́ọ̀tì taya ní ìdọ́gba.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la lọ sóko. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó lẹ́yìn ọkọ̀. Nígbà tí a fẹ́ padà, ó nawọ́ gba kọ́kọ́rọ́, ó ní òun fẹ́ wà á délé.

Ẹ̀kọ́ tèmi ni pé bí bíréèkì bá ń gbọ̀n, ẹ má ní yóò lọ fúnra rẹ̀, ẹ yẹ díísìkì wò. Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀fọ̀ sọ ohun tí olóògbé fẹ́ràn di ìpẹtà.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni òbí yín fi sílẹ̀ tẹ́ ẹ ṣì ń lò? Ẹ sọ fún mi nísàlẹ̀, mo fẹ́ kà á fún màmá mi.