Ọkọ̀ Ìjàpá Tó Gba Oríkì Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, irin ni mo kọ́kọ́ jowú láyé mi. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Bàbá mi, télọ̀ ni wọ́n, ní ọkọ̀ àtijọ́ kan, irú èyí tí à ń pè ní ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí rogodo. Wọ́n ti rà á kí wọ́n tó fẹ́ ìyá mi, ọmọdé kankan ò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ayé Sáàpù ni, tí gbogbo nǹkan gbówó lórí, nígbà tí lọ́rì kan fi ẹ̀yìn rìn lu ọkọ̀ yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Akẹ̀sán. Mọ́gáàdì iwájú rún, ilẹ̀kùn kan sì tẹ̀ wọnú. Àwọn ará ilé ní kí wọ́n gbé e fún panẹ́bítà, bàbá mi kọ̀. Wọ́n ní, "Èmi tí mò ń rán agbádá? Ṣebí bí a ṣe ń pààrọ̀ apá ẹ̀wù náà ni." Wọ́n lọ ra mọ́gáàdì àti ilẹ̀kùn àlòkù ní Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lágbàlá wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún yín. Àníkẹ́ ni oríkì mi, ìyá bàbá mi ló fún mi. Ní Ọ̀yọ́ tiwa, gbogbo ayé ló ń fi orúkọ peni, ẹni tó bá fẹ́ràn ẹni ló ń fi oríkì peni. Bí mo bá tiẹ̀ ń sunkún, tí bàbá mi bá ti pe Àníkẹ́, inú mi á rọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé, mo gbọ́ tí bàbá mi ní, "Àníkẹ́, jọ̀ọ́, dá mi lóhùn." Mo ju atẹ sílẹ̀, mo sáré lọ kúnlẹ̀. "Sà?"

Sípánà wà lọ́wọ́ bàbá mi, wọ́n ń da kẹrosíìnì sí nọ́ọ̀tì mọ́gáàdì tó ti dípẹtà. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìwọ kọ́. Ọkọ̀ ni mò ń bẹ̀."

Inú bí mi, ó tún dùn mí wọra. Láti ọjọ́ náà, bí nọ́ọ̀tì tú, Àníkẹ́ ni. Bí ilẹ̀kùn kọ̀ tí kò pa dé, Àníkẹ́, rọra. Èmi tí mò ń pọn omi ìwẹ̀ wọn láràárọ̀ ńkọ́? Mo lọ fẹjọ́ sun ìyá àgbà. Wọ́n ní, "Bàbá rẹ ti fẹ́ orogún lé ọ lórí nìyẹn." Bí gbogbo ilé ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọkọ̀ ní orogún mi nìyẹn. Mo wá pinnu pé mi ò ní dáhùn sí Àníkẹ́ mọ́.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, bàbá mi gbé ọkọ̀ sẹ́nu ọ̀nà. "Àníkẹ́! Àníkẹ́ o!" Mo dúró sínú yàrá. Kí ọkọ̀ dáhùn, ṣebí òun ló ni ín. Wọ́n pè títí, ni wọ́n bá gbé àbúrò mi síwájú, wọ́n sì wà á lọ sí Akẹ̀sán.

Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n bi mí pé, "O ò gbọ́ ni? Ìwọ ni mò ń pè."

"Mo rò pé ọkọ̀ ni, sà."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi orúkọ ilé ìwé pè mí, bí ẹni ń pe ọmọ aládùúgbò.

Ayé ti yí. Bí nǹkan bá ha ọkọ̀ àwọn ọmọ mi lára lónìí, wọ́n á gbé e fún ẹlòmíràn, wọ́n á jókòó ti fóònù. Ta ló ń bẹ nọ́ọ̀tì mọ́? Ẹ tún bi àwọn ọmọdé ìsinsìnyí ní oríkì wọn, ojú ìyá wọn ni wọ́n máa wò. Wọn ò ní in, kò sì sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ wọn. Èmi ní tèmi. Ọkọ̀ yẹn ni bàbá mi ń fi oríkì mi pè títí wọ́n fi kú.