Ọjọ́ Tí Mo Kúnlẹ̀ Nídìí Ẹ́ńjìnnì Bàbá Mi

Ní kékeré mi ní ìlú Oǹdó, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi bá ń ṣeré súwè níta, ìdí ẹ́ńjìnnì ni èmi máa ń wà. Mẹkáníìkì ni bàbá mi. Ó ń fi páìpù àti pákó kan ọkọ̀ òfuurufú ẹlẹ́nìkan lẹ́yìnkùlé, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìjàpá àtijọ́ ló sì gbé sí i níwájú. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa fi kẹrosíìnì fọ nọ́ọ̀tì nínú agolo mílíìkì. Òórùn rẹ̀ kì í kúrò lọ́wọ́ mi. Bí mo bá ń jẹ iyán, àfi bíi pé kẹrosíìnì ni ìyá mi fi gún un.

Ojú máa ń tì mí púpọ̀. Bí àlejò bá dé, ẹ̀yìn ìkòkò omi ni mo máa ń sá sí. Ìyá mi a ní, "Bí o kò bá lè sọ̀rọ̀, ṣáà kúnlẹ̀." Ẹni tí kò bá tètè kúnlẹ̀ kí àgbà nílé wa, àbàrá ni. Nítorí náà, orúnkún mi a ti kanlẹ̀ kí n tó mọ ẹni tó wọlé.

Ìyá Bọ́lọ́rundúró, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ló ni ilé tí à ń gbé. Oko ni òun fúnra rẹ̀ ń gbé, gaàrí ló ń ṣe. Ẹ̀rù ń bà á pé ọkọ̀ náà yóò pa àbúrò òun. Ó wá sọ fún bàbá mi pé, "Mò ń bọ̀ ní Sátidé. Bí nǹkan yìí kò bá dún lójú mi, mo máa gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ fi lọ ẹ̀gẹ́." Bàbá mi kì í bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jiyàn. Kò kàn jẹun alẹ́ ni.

Láàárọ̀ Sátidé, à ń ṣe táìmín, ìyẹn títo àkókò iná ẹ́ńjìnnì. Iná púlọ́ọ̀gì ní àkókò tó gbọ́dọ̀ ṣẹ́. Bó bá yá jù, ẹ́ńjìnnì á ta padà, abẹ̀bẹ̀ onípákó tó wà níwájú á sì gbá ẹni tó ń yí i. Bàbá mi fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára wílì ẹ́ńjìnnì, ó yí i dé ibi tó yẹ, ó so gílóòbù kékeré kan mọ́ wáyà. Èmi wá ń yí dísítíríbútọ̀, ìyẹn ohun tó ń pín iná, díẹ̀díẹ̀. Ibi tí gílóòbù bá ti tàn gẹ́lẹ́, kí n dì í mú níbẹ̀, kí òun fi sípánà dè é.

Gílóòbù tàn. Mo dì í mú. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú sípánà. Àfi bí Ìyá Bọ́lọ́rundúró ṣe wọlé, orúnkún mi kanlẹ̀, ọwọ́ mi sì bá mi yí. Gílóòbù ṣì ń tàn, nítorí náà kò sẹ́ni tó fura. Bàbá mi dè é.

Nígbà tó fi agbára yí abẹ̀bẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè dún, ẹ́ńjìnnì wúkọ́ gbùú, abẹ̀bẹ̀ ta padà, ó gbá a lọ́rùn ọwọ́. Bàbá mi jókòó sílẹ̀.

"Ó tán," Ìyá Bọ́lọ́rundúró wí. "Ẹ pe ẹni tó máa tú u. Akin, àbúrò mi, àbí apá méjèèjì lo fẹ́ kó gé?"

Bàbá mi dìde. Ó fi ọwọ́ kejì yí abẹ̀bẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń wo gílóòbù. Ó tàn kí ìlà ṣọ́ọ̀kì tó dé ibi tó yẹ. "Ta ló fọwọ́ kan nǹkan yìí?"

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohùn mi ò ju ti yànmùyánmú lọ. Ìyá Bọ́lọ́rundúró wò mí, ó wo ẹ́ńjìnnì. Ó lè dákẹ́ kó sì gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Ìgbà tó kúnlẹ̀ kí mi ni. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ẹ̀, mo rí i."

Ni mo bá bú sẹ́kún. Bàbá mi ní tirẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ ba táìmín mi jẹ́!"

"Èmi kẹ̀? Ìwọ tó ní kí ọmọ máa fi ọwọ́ kan kí èèyàn, kó máa fi ọwọ́ kejì ṣe mẹkáníìkì!"

Bàbá mi yíjú sí mi. "Jẹ́ ká tún un ṣe. Ọba ì báà wọlé, má kúnlẹ̀. Bó bá sì tàn, kígbe kí wọ́n gbọ́ ọ ní Àkúrẹ́."

Gbogbo ilé ń wò mí. Mo tún ń yí dísítíríbútọ̀ díẹ̀díẹ̀. Gílóòbù tàn.

"Ó tàn!"

Igbe náà ya èmi gan-an lẹ́nu. Adìẹ sá. Bàbá mi dè é, ó fi ọwọ́ tí kò dùn ún yí abẹ̀bẹ̀ tagbáratagbára, ẹ́ńjìnnì dún, ó sì ń dún lọ. Atẹ́gùn rẹ̀ gbé aṣọ tí a sá, ó gbé gèlè Ìyá Bọ́lọ́rundúró sórí òrùlé. Ó di orí mú, ó ń rẹ́rìn-ín: "Ẹ fi sílẹ̀ fún un! Mo máa wá ẹ́ńjìnnì míì fún ẹ̀gẹ́ mi!"

Ọkọ̀ náà kò fò rí o. Ó kàn sáré lórí pápá títí táyà rẹ̀ fi bẹ́.

Àkúrẹ́ ni mo wà báyìí, mo ń ránṣọ. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe táìmín ọkọ̀ òde òní, kò nílò ọmọ tí yóò kígbe. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí náà kì í fi bẹ́ẹ̀ kúnlẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ fóònù nìkan ló wà lọ́wọ́ wọn. Ohùn mi ṣì kéré, àwọn oníbàárà a máa ní kí n tún ọ̀rọ̀ sọ.

Ìyá Bọ́lọ́rundúró ti darúgbó. Bó bá wá kí mi ní ṣọ́ọ̀bù, ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí, á kọ́kọ́ wúkọ́. "Ṣé kò sí nǹkan lọ́wọ́ ẹ?"

Màá gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, màá wá kúnlẹ̀ dáadáa.