Káàdì Inú Ọ̀rá

Bàbá mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbá bésíbọ́ọ̀lù, eré àwọn ará Amẹ́ríkà. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n di òní. Ohun tí a mọ̀ ni pé àwọn òyìnbó kan wà nínú fọ́tò ara káàdì rẹ̀, wọ́n dé fìlà, wọ́n gbé igi lé èjìká bí ẹni tó fẹ́ pa ejò. Inú àpò jákẹ́ẹ̀tì òkìrìkà kan tí bàbá mi rà ní ọjà Toll Gate ló ti bá mẹ́ta àkọ́kọ́, káàdì àtijọ́ tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé tí kò bá sí iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ irin tó ń bá ṣiṣẹ́, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tú béèlì aṣọ ni ẹ ó ti bá a, á máa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá òun yẹ àpò wò. Ìyá mi ní ọkọ òun ti lọ rí àwọn ọmọ mìíràn he.

Agolo mílíìkì ló ń kó wọn sí. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á wẹ̀, á nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, á tò wọ́n sórí bẹ́ẹ̀dì, á sì máa ka orúkọ wọn fún mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an nírú àkókò yẹn. Ariwo ẹ̀rọ ti sọ ọ́ di ẹni tí kì í fẹ́ sọ̀rọ̀, àfi tí káàdì bá wà níwájú rẹ̀.

Nígbà tí yunifásítì dé àdúgbò wa, tí Ìyànà Ìyèsí kún fún èrò, olùkọ́ kan tó ti gbé Amẹ́ríkà rí wá dara pọ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó sọ fún bàbá mi pé àwọn kan wà lọ́hùn-ún tí wọn kì í fi irú káàdì bẹ́ẹ̀ ṣeré, tí wọ́n ń fi owó ńlá rà á, àti pé òun á wá wò ó lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Bàbá mi kò ní in lọ́kàn láti tà wọ́n. Ohun tó fẹ́, ó sọ ọ́ fún mi: kí ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ ọ́ lójú ìyá mi pé kì í ṣe ìdọ̀tí ni òun ń kó jọ.

Mo ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìyànà Ìyèsí, níbi tí a ti ń ṣe lámínétì, tí ẹ̀rọ gbígbóná á fi ọ̀rá lẹ ìwé mọ́ inú pátápátá. Ẹ mọ̀ wá. Èsì ìdánwò, ìwé ọjọ́ìbí, káàdì ìrìbọmi, ìwé tó bá ṣáà ti jọ wá lójú, ọ̀rá ni a ó fi bò ó. Ni mo bá gbé agolo náà lọ ní Furaidé láìsọ fún un. Mo ṣe gbogbo wọn, mo fi sísọ́ọ̀sì gé etí wọn dọ́gba. Nígbà tí bàbá mi rí bí wọ́n ṣe ń dán, ó gbàdúrà fún mi títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Ní ọjọ́ Àìkú, olùkọ́ náà dé ilé wa, ó mú káàdì àkọ́kọ́, ó yí i padà. Ó mú èkejì. Ó béèrè ẹni tó fi ọ̀rá bò wọ́n. Ó wá ṣàlàyé jẹ́jẹ́ pé bí káàdì ṣe wà láti ilé-iṣẹ́ tó ti jáde ni àwọn tó mọyì rẹ̀ ń fẹ́ ẹ. Tí iná bá ti lẹ ọ̀rá mọ́ ọn, ó ti bà jẹ́ nìyẹn. Ó ní ọ̀kan wà níbẹ̀ tí òun kò fọwọ́ kan irú rẹ̀ rí.

Ìyá mi wò mí.

“Èmi ni mo ní kí wọ́n bá mi ṣe é,” bàbá mi wí, kò wo ọ̀dọ̀ mi. “Òrùlé wa ń jò.”

Ìyá mi mọ̀ pé irọ́ ni. Ó dìde, ó lọ bu omi wá fún àlejò. Èmi lọ sunkún ní kíṣìnnì, mo sì di olùkọ́ náà sínú fún bí oṣù kan, bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀ mí.

Ní Sátidé kan lẹ́yìn náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún ṣọ́ọ̀bù. Mo gbójú sókè, bàbá mi ló tò sẹ́yìn wọn yìí, ó fi ìka méjì mú káàdì tuntun kan létí. Mo rọra rán an létí ohun tí olùkọ́ sọ.

“Mo gbọ́ ọ,” ó ní. “Bá mi fi ọ̀rá bò ó, kó lè bá ti àwọn tó kù mu.”

Mo kì í bọ ẹ̀rọ. Nígbà tí a délé, ìyá mi gba káàdì náà lọ́wọ́ bàbá mi, ó fi aṣọ rẹ̀ nu ún, ó wò ó títí.

“Ta nìyí?” ó béèrè.

Bàbá mi jókòó tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ náà fún un.