Ṣòkòtò Titus Tí Oyíndà Kò Fẹ́ Gé

Títí di ọdún tó kọjá, Titus ni ọkùnrin tó sanra jù ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wa. Sikiọ́ríìtì ni ní ilé ìtajà bàtà kan ní Fordham, lókè òkun níbí, ó sì máa ń dí ẹnu ọ̀nà débi pé olè ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó lè sá. Èmi ni mo máa ń fi bẹ́ẹ̀ yọ ọ́ lẹ́nu, òun náà á sì rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ á fi máa mì. Oyíndà ìyàwó rẹ̀ ló ń se oúnjẹ tó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, ó sì ń fi í yangàn. Ilé kan náà là ń gbé, àwọn wà lókè tèmi, èmi àti Oyíndà sì jọ ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó. Mo fi díẹ̀ dàgbà jù ú lọ, ó sì fi púpọ̀ lágídí jù mí lọ.

Nígbà tí jẹjẹrẹ mú Titus nínú ikùn, aṣọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ tú àṣírí. Ṣòkòtò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ ní ìbàdí rẹ̀, kóòtù sì ń rọ̀ sílẹ̀ léjìká bí ẹni pé ó yá a lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Doyin, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí síbí, sọ tirẹ̀ lójú mi.

"Mummy, ẹ just ra smaller size fún Daddy now."

Oyíndà kọ̀. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ra kékeré ti gbà pé ńlá ò ní wúlò mọ́.

Kò ní ẹ̀rọ ìránṣọ. Ì bá gbé àwọn aṣọ náà lọ fún Muhideen, télọ̀ wa ní Harlem, ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí Muhideen ti ń ránṣọ fún Titus, orí ló fi mọ ìwọ̀n rẹ̀. Tó bá fi lè rí ìwọ̀n tuntun, gbogbo Harlem á ti gbọ́ kó tó ká téèpù rẹ̀. Bí Oyíndà ṣe mú abẹ́rẹ́ àti òwú nìyẹn. Á yí inú ṣòkòtò síta, á wọ̀ ọ́ fún Titus bẹ́ẹ̀, á fi píìnì mú ibi tó gbòòrò mọ́ra, á sì fi àjẹkù ọṣẹ fa ìlà síbẹ̀. Lẹ́yìn náà á jókòó sẹ́bàá fèrèsé, á máa ki abẹ́rẹ́ padà sẹ́yìn díẹ̀ kó tó tì í síwájú, kí ojú rírán má baà tú. Ó mọ̀ ọ́n ṣe. Téèyàn bá wo Titus láti òkèèrè, á ní ara ẹ̀ le.

Ṣùgbọ́n kì í gé aṣọ tó bá ṣẹ́ kù sínú. Bí àwọn télọ̀ nílé lọ́hùn-ún ṣe ń ṣe ló ń ṣe. Wọ́n máa ń fi aṣọ díẹ̀ sílẹ̀ nínú ojú rírán, torí ara èèyàn kì í dúró sójú kan; tí ẹni tó ni ín bá sanra, wọn á tú u fún un. Díẹ̀ ni wọ́n ń fi sílẹ̀ o. Ti Oyíndà ń pọ̀ sí i ni, nítorí bí Titus ṣe ń rù ló ń ká aṣọ lé aṣọ.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, Francis tó máa ń gba ọrẹ pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì la ẹnu rẹ̀, ó ní Bàbá Doyin mà ti rù. Ta ní ń sọ bẹ́ẹ̀ fún aláìsàn? Oyíndà ò kí i mọ́ láti ọjọ́ náà, èmi náà ò sì kí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òótọ́ ló sọ.

Kò pẹ́ sí i ni dókítà sọ fún wọn pé oògùn ò ràn án mọ́, kí wọ́n máa gbé e lọ sílé, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ara ni ín. Titus ló sọ fún mi. Oyíndà bọ́ kóòtù òtútù rẹ̀, ó tún jókòó ti abẹ́rẹ́.

Ọjọ́ tí mo bá a gbé Titus dìde ni mo rí egbò náà. Egungun ló kù ní ìbàdí rẹ̀, aṣọ tó ká jọ yẹn sì ti nípọn bí okùn, ó ti bó awọ ara rẹ̀. Iṣẹ́ wa ni, a mọ irú egbò bẹ́ẹ̀, a mọ̀ pé kì í jinná lára ẹni tó ti rù tó yẹn. Inú bí mi. Mo pe Oyíndà sí kíṣìnì, mo bi í bóyá ó lè fi irú aṣọ yẹn wọ arúgbó ẹlòmíràn.

"Ìyá Fọlá, tó bá wá sanra padà ńkọ́?" ló wí. "Kí lẹ fẹ́ kó wọ̀?"

Mo bá a di egbò náà, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé mi, mo sì sunkún.

Ọjọ́ tí Doyin máa gboyè ní yunifásítì, wọ́n fi ṣòkòtò dúdú wọ Titus. Bó ṣe jókòó sórí àga onítáyà ni ojú rẹ̀ fà ro. A gbé e dìde, a tún gbé e jókòó, kò sàn. Ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú.

"Oyíndà, gé e."

"Ẹ máa sanra, Bàbá Doyin."

"Mo mọ̀ pé ohun tó o fẹ́ nìyẹn. Ó ń dùn mí. Gé e."

Oyíndà lọ mú sísọ́ọ̀sì. A bọ́ ṣòkòtò náà, ó yí inú rẹ̀ síta, ó sì gé gbogbo aṣọ tó ti ká sínú kúrò. Èyí tó bọ́ sílẹ̀ á tó aṣọ ọmọdé. Nígbà tí a tún fi wọ Titus, ó jókòó, ó mí kanlẹ̀, ó ní ó dára báyìí, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo rò pé ó parí. Mo ti ń wá fìlà Titus kiri nígbà tí mo rí i pé Oyíndà ti lọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó kó gbogbo ṣòkòtò tó kù jáde, ó kó ṣẹ́ẹ̀tì, ó kó kóòtù, ó jókòó sílẹ̀ láàárín wọn, ó sì ń gé aṣọ tó ká sínú wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni ò ní kó gé àwọn yẹn.

Doyin wọlé pẹ̀lú aṣọ ìgboyè lọ́rùn. Ó ní àwọn máa late, kí ni Mummy ń ṣe?

"Bàbá ẹ ò ní lò ó mọ́," ni Oyíndà wí, kò sì dáwọ́ dúró.