Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Mo Fi Gbẹ́ Kànga Epo

Ní àárín àwọn ọdún 1990, inú irà lápá Wárí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí a ti ń gbẹ́ kànga epo rọ̀bì. Pápá epo kékeré ni. Epo ibẹ̀ tín-ínrín bí èyí tó léfòó lórí omi ọbẹ̀. Bí a bá gbẹ́ kànga lóòró nìkan, kò ní pẹ́ tí omi yóò fi gba ẹnu rẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe ń darí irin tí a fi ń gbẹ́lẹ̀ síbùú nísàlẹ̀ ilẹ̀, kí ó máa gba inú epo lọ. Ibi tó bá rìn dé ni yóò fi han àwọn ọ̀gá bóyá pápá náà tó ohun tí à ń náwó lé. Èmi ni mo ń wo ibi tí irin náà kọjú sí, mo sì máa ń yangàn pé kò sẹ́ni tó lè rọ́pò mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọ́fíìsì wa pè mí lórí rédíò. Àbúrò mi obìnrin ti wọ mọ́tò láti Ìlọrà lọ sí Ọ̀yọ́ lọ fóònù wọn. Iṣẹ́ tó rán ni pé: "Ara Bàbá ò yá díẹ̀. Wọ́n fẹ́ rí yín."

Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ ìtumọ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? A kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lókèèrè. Nígbà tí ìyá bàbá mi kú, òtútù ni wọ́n ní ó ń mú wọn. Kí n tó délé, wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ tán. Mo lọ sẹ́yìn ẹ̀rọ, mo sunkún bàbá mi títí ojú mi fi wú.

Lẹ́yìn náà mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ló kù. Ọ̀gá mi ní kí n máa lọ, èmi ni mo kọ̀. Mo ní òkú kò ní sá lọ, àkọ́bí ni mí, wọn yóò dúró dè mí. Irin dé ibi tí a ń lé e lọ, epo jáde, wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo yà ní Ìbàdàn, mo ra aṣọ funfun tí a ó fi wé Bàbá.

Nígbà tí mo dé Ìlọrà, ìyá mi jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Bàbá níta, ìrọ̀rí ṣì wà lórí àga náà. Òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni Bàbá kú. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ní kí àwọn ará ilé máa gbé àwọn jáde, kí àwọn lè máa wo mọ́tò tó ń bọ̀ láti Fìdítì. N kò tíì dárí ji ara mi.

Àbúrò mi rí aṣọ funfun lápá mi, ó bi mí pé ta ló sọ fún mi lọ́nà. Mo ní kò sẹ́ni tó sọ, pé láti ọjọ́ tó ti ránṣẹ́ ni mo ti gbà pé Bàbá ti lọ.

Ó ní: "Bọ̀dá mi, èmi fẹ́ parọ́ pé nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè yín, kí àyà yín má baà já. Bàbá ló kọ̀. Wọ́n ní òótọ́ ni kí n sọ fún yín, pé tí ẹ bá ti gbọ́ pé ara àwọn ò yá, ẹ ò ní dúró."