Ilé tí Mùfú Sáré Dé

Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i, ẹnikẹ́ni kò rò ó fún mi. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń sọ pé a ò gbá bésíbọ́ọ̀lù rí ní Olódì-Àpápá, ẹ fetí sílẹ̀. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n mo mọ eré yẹn ju ẹni tó kọ́ wa lọ.

Láàárọ̀ yìí ni káfíńtà àdúgbò lu pákó gbígbẹ kan, kọ́ọ́. Bí igi tá a fi ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà náà ṣe máa ń dún nìyẹn.

Wọ́n ti da yanrìn sí àbàtà ẹ̀yìn ilé wa nígbà náà. Òyìnbó atukọ̀ kan, tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ sí èbúté Àpápá, ló sọ ibẹ̀ di pápá. Ó tẹ́ pákó mẹ́rin sílẹ̀. Wàá fi igi gbá bọ́ọ̀lù, wàá sáré tẹ pákó mẹ́ta, wàá wá padà sórí èyí tó o ti bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ló ń pè ní hóòmù, ilé; ẹni tó bá délé ti jẹ ayò kan.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Mùfú ọ̀rẹ́ mi gbá bọ́ọ̀lù jìnnà. Òyìnbó ń pariwo, "Hóòmù! Gó hóòmù!" Mùfú bá já gba ilé wọn ní Amukòkò lọ.

"Ta ló ń lé ọ?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Òyìnbó ló ní kí n máa bọ̀ nílé, Mààmi."

Ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá.

Ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo la fi gbádùn pápá náà. Wọ́n tún ọkọ̀ òyìnbó ṣe tán, ó lọ, ó fi igi àti bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún wa. Ọjọ́ tí àwa àtàwọn ọmọ àdúgbò Boundary ń gbá àṣekágbá, ọ̀mì la wà, ó ku kí Mùfú gbá, ni katapílà wọlé. Awakọ̀ rẹ̀ ní wọ́n ti ta ilẹ̀, kóńténà ni wọ́n fẹ́ tò síbẹ̀, ká máa lọ sílé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣe sùúrù, ó ku gbígbá kan," lèmi sọ. Èmi nìkan ló láyà.

Awakọ̀ náà wa katapílà gun orí hóòmù, pákó fọ́.

Sọ́ńdè, ọ̀gá àwọn ọmọ Boundary, bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ Olódì, ilé yín ti wó. Ọ̀mì ni."

Mùfú gbé igi sókè. "Ju bọ́ọ̀lù, jọ̀ọ́."

Kọ́ọ́. Bọ́ọ̀lù re odò. Mùfú tẹ pákó kìíní, ó tẹ ìkejì, ó tẹ ìkẹta. Ó wo katapílà lójú, ó sì yí sí ọ̀nà Amukòkò láìdẹsẹ̀. Gbogbo wa sá tẹ̀ lé e, títí kan àwọn ọmọ Boundary. Ó fẹsẹ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀.

"Mo délé," ló wí.

Sọ́ńdè ń mí hẹlẹ. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wo Mùfú. "Ó délé," lòun náà wí.

A borí. Kí wọ́n to kóńténà kan ọ̀run sórí yanrìn yẹn, a borí. Sọ́ńdè ti hewú báyìí, ṣùgbọ́n bá a bá pàdé ní Boundary, "Ó délé" ló ṣì fi ń kí mi.

Ohun tó sọnù: pápá kan, pákó mẹ́rin, bọ́ọ̀lù kan, àti Mùfú, tó bá ọkọ̀ òkun lọ, tí kò tíì délé.